Àlejò Tó Pẹ́ ní Ìbàràpá

Àwọn oníròyìn tó ń wọ Igbó-Ọrà lóde òní kì í pẹ́. Wọ́n á dé láàárọ̀, wọ́n á to àwọn ìbejì tó wọ aṣọ kan náà sójú kan, wọ́n á ya fọ́tò wọn, wọ́n á bi ìyá ìbejì léèrè ohun tó ń jẹ. Ìyá á dárúkọ àmàlà láfún àti ọbẹ̀ ìlasa. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ wọn ti kọrí sí Èkó. Reuters ti wá, AFP ti wá, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lóríṣiríṣi náà kò sì yéé wá, pàápàá láti 2018 tí ìlú ti ń ṣe ọdún ìbejì lóṣù Ọ̀wàrà.

Àwọn kan ti wá ṣáájú wọn tí wọn ò tètè lọ. Dókítà ni wọ́n, olùkọ́ ni wọ́n, olùwádìí ni wọ́n. Òmíràn nínú wọn ti Amẹ́ríkà wá, òmíràn ti Íńdíà. Àìsàn ni wọ́n wá wò. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí àìsàn ti ń wá kò lè jókòó sí ilé ìwòsàn kó máa dúró de aláìsàn. Ó ní láti bá àwọn obìnrin rìn dé ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, kó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá àgbà, kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta oògùn, kó wo bí ọjà ṣe ń kún àti bó ṣe ń tú. Báyìí ni ìwádìí nípa ìlera ṣe di àkọsílẹ̀ nípa bí ìgboro Ìbàràpá ṣe rí ní apá kejì ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá.

Ìbàràpá Méje ni wọ́n ń pè é: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló pín wọn láàárín ara wọn lónìí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, òkúta ńláńlá yọrí káàkiri rẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ á funfun lórí àpáta àti lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí wọ́n sá a sí, kó tó di láfún. Oko ni iṣẹ́ wọn, ẹ̀gúsí wọn sì lókìkí. Ènìyàn púpọ̀ ló nílé méjì: ọ̀kan ní ìlú, ọ̀kan ní abà. Ní ọjọ́ kan ìgboro lè pa rọ́rọ́ bí ẹni pé ogun kó o. Tó bá di ọjọ́ ìnáwó tàbí ọjọ́ ọdún, gbogbo abà á dà wálé.

Àjèjì tí kò mọ èyí yóò ṣì wọ́n kà. Yóò kan ilẹ̀kùn, kò ní bá ẹnì kan, yóò sì rò pé ilé ti ṣófo. Igbó-Ọrà tilẹ̀ ní àdììtú tirẹ̀: ìlú kan ni lójú ẹni tó wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìlú mẹ́fà tó dara pọ̀ ni lójú ọmọ ibẹ̀. Pákò kì í ṣe Ìbẹ̀rẹ̀kòdó, Ìbẹ̀rẹ̀kòdó kì í sì í ṣe Ìdọ̀fin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ló gba àárín wọn kọjá.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Ìbàràpá kò sí lára ibùdó ńlá tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kọ́lé sí. Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n yàn. Anna Hinderer, ọmọ Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá ọkọ rẹ̀ David dé Ìbàdàn ní 1853. Wọ́n kọ́lé sí Kúdẹtì, wọ́n sì gbé ibẹ̀ di 1869. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, kò lè jáde lọ síbì kan kí èrò má tẹ̀ lé e, nítorí wọn ò rí obìnrin aláwọ̀ funfun rí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n kó àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1872. Ẹni tó bá kà á yóò rí ohun tí ogun Ìjàyè, tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ṣe fún ọ̀nà: ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ẹrù kò lè kọjá, ebi sì wọ ilé míṣọ́nnárì gẹ́gẹ́ bó ṣe wọ ilé aládùúgbò. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1862 Ìjàyè tú. Ilẹ̀ Ìbàràpá kò jìnnà sí ibi tí gbogbo rògbòdìyàn yìí ti ń ṣẹlẹ̀.

Òyìnbó ìjọba ló kọ́kọ́ fẹ̀yìn ti ẹnu ààlà Ìbàràpá. Ní 1899 wọ́n ya igbó Olókemejì, lẹ́bàá odò Ògùn, sọ́tọ̀ bí igbó ọba, lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà. Ní 1901 ọkọ̀ ojú irin gba ibẹ̀ kọjá wọ Ìbàdàn. Igi ni àwọn wọ̀nyẹn ń wò. Wọn ò wá wo ìgboro.

Kí ènìyàn tó pa dà sí Igbó-Ọrà, ó dára kó yà sí ilẹ̀ Ítálì díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣà kí àlejò jókòó kó sì máa kọ ìwé nípa òpópónà ti gbilẹ̀ jù. William Wetmore Story, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fi òkúta màbù gbẹ́ ère, gbé Róòmù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé rẹ̀, Roba di Roma, jáde ní 1863. Ó kọ nípa alágbe, nípa tẹ́tẹ́, nípa ọjà, àti nípa àwọn darandaran tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá fun fèrè ní òpópónà bí Kérésìmesì bá ń bọ̀. Ìgbádùn ni òpópónà jẹ́ lójú Story. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lójú Jessie White Mario, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ ọmọ Ítálì. Ó wọ inú ilé àwọn tálákà ìlú Naples, ó sì kọ La miseria in Napoli ní 1877. Nígbà tí kọ́lẹ́rà jà níbẹ̀ ní 1884, Axel Munthe, dókítà ará Sweden, lọ bá wọn nínú ọ̀fọ̀ náà, ó sì kọ lẹ́tà nípa ohun tó rí ní àwọn ọ̀nà tóóró ìlú. Ní 1885 ìjọba ṣe òfin láti tún Naples kọ́, omi tó mọ́ láti Serino sì wọ ìlú lọ́dún kan náà.

Òpópónà Naples kan náà ni ẹlòmíràn gbọ́ orin níbẹ̀ tí Mario àti Munthe sì rí omi ìdọ̀tí níbẹ̀. Ohun tó gbé àlejò wá ló ń yan ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí. Ní ilẹ̀ Yorùbá náà bẹ́ẹ̀ ló rí. Ulli Beier àti Susanne Wenger dé ní 1950. Òrìṣà, ère àti oríkì ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí wọn ní Ẹdẹ, ní Ìlobùú àti ní Òṣogbo. Àwọn tó wá sí Ìbàràpá ń wá ibi tí omi ti ń dọ̀tí, wọ́n sì bá gbogbo ìlú pàdé níbẹ̀.

Ọdún 1963 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ti ṣí ní 1957, àmọ́ àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ṣàkíyèsí pé nígbà tí àìsàn bá ti wọra tán ni aláìsàn ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń mọ àrùn, wọn ò mọ ilé tó ti jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Theophilus Ogunlesi wà lára àwọn tó gbé ètò kan kalẹ̀: kí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà kó ẹrù wọn lọ sí Igbó-Ọrà, kí wọ́n gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà fowó ràn án, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fọwọ́ sí i. Òyìnbó ṣì pọ̀ láàárín olùkọ́ Ìbàdàn nígbà náà, nítorí náà àwọn náà gba ọ̀nà wá sí Igbó-Ọrà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ rọrùn létí: ọmọ mélòó ni wọ́n ń bí ní Igbó-Ọrà? Ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn. Ilé ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń bímọ sí, kò sì sí ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ ní láti máa ti agboolé dé agboolé, kó mọ baálé, kó mọ ìyáálé, kó mọ ẹni tó ti lọ sí abà lọ bímọ.

Níbẹ̀ ni ìbejì ti yọ. Patrick Nylander, dókítà àwọn aláboyún ní Ìbàdàn, tẹ ìwádìí kan jáde ní 1969 lórí bí ìbejì ṣe wọ́pọ̀ tó ní ìgbèríko yìí, ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ di àwọn ọdún 1980. Iye tí wọ́n máa ń ka sí i lọ́rùn ni ìbejì 45 sí 50 nínú 1,000 ìbímọ ní apá ibí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, nǹkan bí 10 sí 12 ni. Àwọn oníṣirò kó ìwé wọn lọ, òkìkí sì kù sílẹ̀ fún ìlú.

Ṣùgbọ́n kí òkìkí tó dé ni ìbejì ti ní ààyè tirẹ̀ ní ọjà. Ìyá pọn Táyé sẹ́yìn, ó gbé Kẹ́hìndé sápá, ó ń jó láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, àwọn ọlọ́jà ń ju owó àti ẹ̀wà fún un, wọ́n ń gba ìre lẹ́nu rẹ̀. Àlejò tó dé lánàá yóò ní alágbe ni. Èyí tó pẹ́ yóò mọ̀ pé ìyá náà lè ní ilé àti oko, pé Ifá ló ní kó jó, àti pé ẹni tó fi nǹkan ta ìbejì lọ́rẹ kò fi ṣàánú ẹnikẹ́ni: ara rẹ̀ ló ń wá ire fún.

Ìṣirò tún fi nǹkan mìíràn hàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ní Ayétẹ̀, nǹkan bí ènìyàn 37 nínú 1,000 ló ní wárápá; ní Igbó-Ọrà, tí kò jìnnà síbẹ̀, kò ju nǹkan bí márùn-ún lọ. Wọ́n gbà pé ìtọ́jú tí Igbó-Ọrà ti ń rí láti 1963 wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ náà, nítorí ọmọ tí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀ dáadáa, tí wọ́n sì tètè wo ibà rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ fara pa.

Ìdèrè ni àwọn àlejò ti kẹ́kọ̀ọ́ jù. William Brieger, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Òun, Jayashree Ramakrishna tó wá láti Íńdíà, àti Joshua Adeniyi, ẹlẹgbẹ́ wọn tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, ń lọ ń bọ̀ ní Ìdèrè àti àwọn abà rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Sòbìyà ló gbé wọn débẹ̀.

Sòbìyà kì í sábà pani, ìjókòó ló ń dáni sí. Ẹni tó mu omi ìkùdù tí àwọn kòkòrò tín-ín-tín tó gbé ọmọ sòbìyà mì wà nínú rẹ̀ kò ní mọ nǹkan kan fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ á wú, á ta á bí iná, awọ á bẹ́, aràn funfun tó lè gùn tó mítà kan á yọrí. Wọn kì í fà á yọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí bó bá já sínú, ẹsẹ̀ á wú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ ni wọ́n ń wé e mọ́, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jáde tán. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sábà ń yọ, nígbà tó yẹ kí wọ́n máa ṣán oko de òjò.

Ẹni tó bá gba ìgboro Ìdèrè kọjá lásìkò bẹ́ẹ̀ á rí géńdé tó nasẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó rọrùn láti pè é ní ọ̀lẹ. Àwọn tó sún mọ́ ọn ló rí aṣọ tó fi di kókósẹ̀, tí wọ́n rí igi tí aràn wé mọ́ lábẹ́ aṣọ náà, tí wọ́n sì gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ti fi ilé ìwé sílẹ̀ láti bá a lọ sóko. Ìjókòó ènìyàn mẹ́wàá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóṣù Ẹrẹ́nà túmọ̀ sí iṣu tí kò ní sí nínú àká lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù.

Nígbà tí àwọn olùwádìí sọ pé omi ló ń fà á, ọ̀rọ̀ náà kò tètè wọ ìlú létí. Púpọ̀ gbà pé inú ara ni sòbìyà ń gbé, pé kò sí ẹni tí kò ní i, pé ohun kan ló kàn ń rú u síta. Èrò náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Omi kan náà ni gbogbo agboolé ń mu. Ẹnì kan ló ń ṣe. Láàárín ọjọ́ tí ènìyàn mu omi àti ọjọ́ tí aràn yọ, ọdún kan ti kọjá. Ta ni yóò so méjèèjì pọ̀? Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀sín. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn.

Ohun tó yí nǹkan padà kò tóbi. Asẹ́ ni, aṣọ náílọ́ọ̀nù tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí omi ń jò kọjá tí kòkòrò inú rẹ̀ kò lè gbà á. Ọwọ́ àwọn télọ̀ ìlú ni wọ́n gbé e fún kí wọ́n rán an. Èèyàn á ta á bo ẹnu àmù, á fà á kó le, á da omi sórí rẹ̀, á sì gbọn ohun tó kù lórí rẹ̀ nù sílẹ̀ kó tó ká a. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí wọ́n ti kọ́ ní iṣẹ́ ìlera ló ń tà á ní ilé àti ní abà. Télọ̀ mọ ìyá tó ń rán aṣọ ọdún lọ́dọ̀ rẹ̀. Olùyọ̀ǹda mọ ẹni tí sòbìyà mú lọ́dún tó kọjá. Ohun tí ọkọ̀ ìjọba kò lè gbé dé abà, ojúlùmọ̀ gbé e dé.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka sòbìyà káàkiri Nàìjíríà, ẹni tó ní i lé ní 650,000. Oṣù Bélú 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013 Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ojú àwọn àlejò wọ̀nyí tún bà lé ṣọ́ọ̀bù oògùn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ní ìwé òfin, onítọ̀hún kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe apòògùn. Ní ìgboro Igbó-Ọrà, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìyá ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná ń sá lọ bá, nítorí ó ṣí títí di alẹ́, ó ń tà láwìn, kì í sì í jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn dókítà kan á ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Frederick Oshiname àti Brieger ṣe òdìkejì. Wọ́n bá ẹgbẹ́ àwọn olóògùn ní Igbó-Ọrà sọ̀rọ̀, wọ́n sì kọ́ wọn bí a ṣe ń tọ́jú ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti ikọ́. Ìwádìí náà jáde ní 1992, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ mìíràn sì ń tọ́ka sí i.

Àwọn tó kọ ìwé nìkan kọ́ ni àlejò tó pẹ́ ní Ìbàràpá. Fúlàní ti ń da màlúù ní ọ̀dàn yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì bí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn síbẹ̀. Obìnrin wọn gbé igbá wàrà sórí, ó ń kiri láti Tápà dé ọjà Tọwọ́bọwọ́ ní Igbó-Ọrà, ó ń fi Yorùbá tó já gaara ná owó, ó ń ra láfún àti ata lọ sí gáà. Hausa wà níbẹ̀, Àgàtú àti Ìgèdè wá láti Benue láti bá wọn kọ ebè, Àgànyìn wá láti ìhà Togo àti Benin. Ojú wọn rí ìgboro yìí láti ibi tí ojú dókítà kò dé: wọ́n mọ ẹni tó ń sanwó lọ́jọ́ tó dá, wọ́n mọ baálé tó ń yá àlejò nílé, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́jú mọ́ àjèjì.

Àjọgbé náà ti dàrú ní ibi púpọ̀. Màlúù jẹ oko, wọ́n jí àwọn ènìyàn gbé, wọ́n pa àwọn kan. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2021 wọ́n ní kí Fúlàní fi Ìgàngán sílẹ̀, wọ́n sì sun ilé Sàríkí, olórí wọn, níbẹ̀. Ní oṣù Òkúdù ọdún náà, àwọn agbébọn wọ Ìgàngán lóru, wọ́n pa ó kéré tán ènìyàn 11, wọ́n sì dáná sun ààfin. Láti ìgbà náà, wàrà dínkù lórí àtẹ ní àwọn ibì kan, ẹni tó ń lọ sí abà sì ń wẹ̀yìn wò.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ṣì ń kó ẹrù wọn wá sí Igbó-Ọrà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láti 1963. Wọ́n ń bèèrè ibà, wọ́n ń bèèrè ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Tí wọ́n bá fi ìbéèrè kan kún un, kí wọ́n bi ìyá oníwàrà tó dàgbà sí Ayétẹ̀ àti Àgàtú tó ti fi ogún ọdún kọ ebè ní Lánlátẹ̀ nípa òpópónà tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́, àwọn ará Ìbàràpá fúnra wọn á gbọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé Nylander tàbí ti Brieger.